Tísà Tó Lọ Fi Òtútù Dánra Wò

Kóòtù mẹ́ta, ṣòkòtò mẹ́rin, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó gun ara wọn lórí, fìlà onírun mẹ́ta tí wọ́n fà wá bo etí: gbogbo rẹ̀ ló wà lára Tísà nígbà tí wọ́n ṣí yàrá yìnyín ilé ẹja láàárọ̀ Ọjọ́rú. Síbẹ̀ òtútù wá a kàn. Ó ṣí bọ́tìnnì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé, ó jókòó sí i láyà, ó pa á.

Ó ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó tó kú. Bí alágbàrù ṣe fa ilẹ̀kùn báyìí, Tísà ló kọ́kọ́ jáde, gbì, bí àpò símẹ́ńtì. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò nà. Bó ṣe ká orúnkún jókòó nínú ilé náà ló ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alágbàrù mẹ́rin ló gbé e, wọ́n ní ó wúwo ju páálí ẹja igba lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa ọ̀kan nínú wọn, àfi ìgbà tó rí ojú òkú tó rántí pé ọkùnrin yìí ló kọ́ òun ní ìwé. Ó jókòó sórí páálí, kò sì lè dìde mọ́ títí ilẹ̀ fi gbóná.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo ìlú ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà tín-ín-rín débi pé bí òjò bá ń rọ̀, ó lè gba àárín ẹ̀kán méjì kọjá kí aṣọ rẹ̀ má rin. Àmọ́ kì í ṣe títín-ín-rín ló fún un lórúkọ. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, ọ̀pọ̀ okùn ló sì ti tọ ọkùnrin yìí dé ọrùn àwọn apààyàn.

"Ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú dà?" ó bi àwọn alágbàrù.

"Ó ti kán láti ọdún tó kọjá, ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe lọ́la."

"Lọ́la wo?"

"Ìyẹn gan-an la ò mọ̀."

Abẹ́rẹ́ wọ inú yàrá náà. Ẹja tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kù nínú òkun lọ, gbogbo wọn lajú kalẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó lè jẹ́rìí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn òkìtì páálí, ó rí páálí kan tí ìdí èèyàn ti tẹ̀ wọ̀, ó kọjú sí fáànù tó ń fẹ́ òtútù. Lára ilẹ̀kùn, nínú yìnyín tó bò ó, ojú bàtà pọ̀ bí ẹni pé ẹṣin mẹ́wàá ló tàpá síbẹ̀. Ó ka ojú bàtà náà dé àádọ́ta, ó fi í sílẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ òkú. Ìbọ̀wọ́ Tísà nípọn bí ìrọ̀rí, ó sì fi okùn dì í pinpin mọ́ ọrùn ọwọ́. Fóònù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn so ó kọ́. Òtútù ti pa òun náà. Lójú fóònù yẹn, ìpara kan rí róbótó bí owó ẹyọ. Abẹ́rẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń fínmú fóònù òkú sí?" ni Sájẹ́ńtì bi í. Sájẹ́ńtì ni igbákejì rẹ̀, obìnrin tó já fáfá, tó mọ ìwé, tí kì í ṣàṣìṣe rí, ó kéré tán, lójú ara rẹ̀.

"Fásílíìnì ni. Wo imú rẹ̀. Ó fi fásílíìnì ra á bí ẹni fẹ́ din ín. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ fóònù, imú ló fi tẹ̀ ẹ́."

"Ó bá ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ mu. Ó ní ó pe òun."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, òtútù ti mu bátìrì gbẹ."

Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ́kàn rẹ̀, tó ń fi imú tẹ fóònù tó ti kú, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó jáde síta lọ yáàrùn.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Tísà ṣe dé inú yàrá ẹja. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya yìnyín sójú pátákó débi pé tí wọ́n bá kó ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jọ, ó tó bo òkè mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan yìnyín rí àfi èyí tó ń léfòó nínú ife. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ pinnu láti lọ lo ọjọ́ mẹ́rin péré ní ìlú kan lókè òkun lásìkò tí òtútù ibẹ̀ burú jù, ìlú tí wọ́n ní tí èèyàn bá sín níta, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń jábọ́ nímú rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàálù wọn máa gbéra.

Oṣù mẹ́ta ló fi múra. Tó bá ń ka ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú korobá omi dídì. Tó bá fẹ́ sùn, fáànù méjì á kọjú sí i, ìyàwó rẹ̀ á kó ẹní lọ sí pálọ̀. Nígbà tí gbogbo ìyẹn ò tó, ó tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe lọ, ẹni tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín ilé ẹja, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Yìnyín. Ó ní kó jẹ́ kí òun máa wá jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, kí òtútù lè mọ òun lójú, kí òun náà lè mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti wá mọ ara wọn báyìí.

*

Kí Abẹ́rẹ́ tó jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ńtì ti parí ẹjọ́.

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan tí a tún ń wá. Bàbá Yìnyín ló pa á. Ẹ kà á."

Fáìlì Sájẹ́ńtì dára wò. Nílé ìwé, òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú Yorùbá, kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Tó bá kọ nǹkan, àmì ohùn á ṣù bo ọ̀rọ̀ bí eṣinṣin ṣe ń ṣù bo ẹja. Ohun tó kọ látẹnu ìyàwó Tísà nìyí: ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ òun pe òun láti inú yàrá yìnyín. Ó ní òun ti wọlé, òun ò rí ọ̀rẹ́ òun, ó ní láti jẹ́ pé ó wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sọ́kọ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kí òun lè tẹ̀wé, ariwo ẹ̀rọ ò sì ní í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun gbọ́ ìpè, kí òun ìyàwó bá òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un. Òun sì fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu gẹ́lẹ́. Ọkọ òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun á gba ibẹ̀ lọ dágbére fún ẹ̀gbọ́n òun, òun á sùn síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi wá a títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lábẹ́ rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí pẹ̀lú bírò pupa:

*Tísà ni o. Má ti ilẹ̀kùn o. Mo ti wọlé.*

"Bàbá náà gbà pé òun rí i?"

"Ó gbà pé òun rí i, ó gbà pé òun kà á."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní wọ́n ní kí òun ti ilẹ̀kùn ni." Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín ìyangì. "Ọ̀gá, mo ti gbọ́ irọ́ rí. Èyí ò tiẹ̀ wọṣọ kó tó jáde. Ẹ wá gbọ́ ìdí rẹ̀. Ogójì ọdún sẹ́yìn, òun àti Tísà ló jọ dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin yìí. Tísà ló fẹ́. Bàbá Yìnyín ò ṣe ìyàwó títí dòní. Ogójì ọdún ló fi di kùnrùngbùn sínú, inú yìnyín sì ni nǹkan kì í ti í bàjẹ́."

Wọ́n mú Bàbá Yìnyín wọlé. Ọgbọ̀n ọdún tó fi gbé ẹja ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Tó bá bọ èèyàn lọ́wọ́, onítọ̀hún á máa wá súẹ́tà kiri.

"Bàbá, ta ló ti ilẹ̀kùn?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Èmi ni."

"Ẹ ò wo inú ẹ̀?"

"Mo yọjú. Mo kí àwọn ẹja pé ó dàárọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn."

"Ṣé ẹja máa ń dá yín lóhùn ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Tísà bá gbọ́, ì bá dáhùn."

"Fìlà mẹ́ta ló dé bo etí, ó sì jókòó sẹ́yìn páálí. Bí àrá sán sínú ilé yẹn, kò ní gbọ́."

Bàbá sorí kọ́. "Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Wọ́n fi sọ fún mi pé kí n tì í."

"Fóònù yín dà ká wò ó?"

"Nígbà tí ẹ̀yin ń wọ́ mi lọ, ó bọ́ sínú korobá omi ẹja. Ojú yín ló ṣe."

"Ó mà bọ́ sí i fún yín o."

"Ìyáàfin, kò sí nǹkan tó bọ́ sí i fún mi lónìí."

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin náà fẹ́ fẹ́ ìyàwó Tísà?"

"Òótọ́ ni. Ó ní Tísà lòun fẹ́. Èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ lọ sílé ọkọ, torí Tísà ò lágbára."

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí fún ọdún méjì. Nígbà tó yá, ó sú mi."

Wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé. Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Gbogbo ará àgọ́ náà mọ ibi tí ẹ̀sùn yẹn ń parí sí.

*

Kò tíì tẹ́ Abẹ́rẹ́ lọ́rùn. Ó ti la inú ọ̀kan nínú àwọn kóòtù Tísà, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló bá nínú rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á lọ, ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ òkèèrè, tí àwọn èèyàn ń pè ní Òtútù-Ò-Mú-Mi. Wọ́n ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ òwò yẹn ni oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sí i, kó lè bà á lọ́jà jẹ́.

"Kóòtù yìí, ẹ ní ó lè gba irú òtútù wo?"

"Èyí? Ọ̀gá, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sínú sàréè, ẹ máa làágùn."

"Ẹni tó wọ̀ ọ́ wà lọ́nà sàréè báyìí."

Ọkùnrin náà jókòó sórí òkìtì ìbọ̀sẹ̀. "Tísà?"

"Tísà. Ìwé ìròyìn lẹ dì sí i nínú."

"Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe kó o wá fún mi nìyẹn. Mo jẹ́ onírọ́, mi ò sọ pé mi ò jẹ́. Àmọ́ kóòtù kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn."

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí kì í bá ṣe Bàbá Yìnyín?"

"Bàbá Yìnyín?" Ọkùnrin náà mi orí. "Rárá. Ọjọ́ Ajé ló wá síbí. Ó ní kí n bá òun wá ìborùn méjì tó nípọn jù, ọ̀kan fún Tísà, ọ̀kan fún ìyàwó ẹ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa wá gbà á, kí òun fi sin wọ́n dé pápá bàálù. Ẹ wò wọ́n nìyí."

Ìborùn méjì, aláwọ̀ ewé. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ta ni í ra ìborùn fún ẹni tó fẹ́ pa lọ́la?

*

Ilé Tísà ò ju yàrá méjì lọ. Àpótí méjì ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí tọkọtaya tó sùn. Wọ́n lẹ ìwé gígùn kan mọ́ ara ògiri, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ló wà níbẹ̀: ìpara ètè, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwé ìrìnnà, súẹ́tà pupa, súẹ́tà pupa kejì. Wọ́n ti fa ìlà sí gbogbo rẹ̀ tán àfi ìkẹyìn, pé kí wọ́n yọ fìríìjì lára iná.

Ìyàwó Tísà kéré, ó dúró ṣánṣán. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ tí òjò ti kọ̀yìn sí fún ọdún méje.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ kó kóòtù yẹn kúrò... Ẹ jókòó lé e náà, kò wúlò fẹ́nì kankan mọ́."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, màmá. Ẹ kú àmúmọ́ra."

"Ọ̀la náà ni wọ́n ń gbé e lọ sílé ẹjọ́?"

"Ọ̀la ni, màmá."

"Màá wà níbẹ̀. Ibi tó ti máa rí mi ni màá jókòó sí. Ogójì ọdún ló fi ń jẹun nílé mi, ọ̀gá. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi mí báyìí ni pé màá rí ojú ẹ̀ tí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí màá tún fi ojú mi wò."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fúnra mi."

"Sájẹ́ńtì yín ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ rí i bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́."

Ó nawọ́ fóònù sí i. "Tísà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà àti kíkọ lẹ́yìn tí a fẹ́ra. Tó bá jẹ́ pé ó burú ní kíkọ, ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín."

Kò burú ní kíkọ. Bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ṣe tẹ̀ ẹ́:

*Tisa ni o. Ma ti ilekun o. Mo ti wole.*

Èsì sì wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí Sájẹ́ńtì ò kọ sínú fáìlì:

*O daaro. Ba mi ki iyawo.*

"Ẹ rí ìkà?" obìnrin náà wí. "Ó ń kí ẹni tó fẹ́ pa pé ó dàárọ̀. Èmi tí mo di fóònù mú, èmi ló ní kí wọ́n bá òun kí. Mo rò pé àwàdà wọn ni, bí wọ́n ṣe máa ń bára wọn ṣe é. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń ká súẹ́tà."

Abẹ́rẹ́ ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ka ìkejì. Ó padà sí àkọ́kọ́. Òtútù kan bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń gun òkè, ó sì burú ju ti yàrá ẹja lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, torí kò sí kóòtù fún un.

Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ náà. Sájẹ́ńtì ló fi àmì sí i. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé èèyàn wà nínú yàrá, á kà á pé *Má ti ilẹ̀kùn*. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tó ń ronú àtilọ sílé, á kà á pé *Máa ti ilẹ̀kùn*, torí ta ló máa ń ráyè tẹ *a* méjì lórí fóònù? *Mo ti wọlé* ń kọ́? Ẹni tó wọ yàrá ti wọlé. Ẹni tó délé náà ti wọlé. Orí fóònù ta sì ni iṣẹ́ náà ti wá? Orí fóònù ìyàwó, tó wà nílé. Tísà ti délé, ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, fóònù ìyàwó ló fi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má ṣe dúró de òun mọ́, kó máa tilẹ̀kùn. Kí ni ọ̀rẹ́ á sọ? Ó dàárọ̀. Bá mi kí ìyàwó.

Kò sẹ́ni tó parọ́. Láti àárọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti ń wá ìkà èèyàn kan. Ọlọ́run mọ̀ pé ì bá fún un láyọ̀ lọ́jọ́ náà tó bá rí i, ọ̀kan péré, kódà ìkà kékeré.

"Kí lẹ rí?" obìnrin náà bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan, màmá."

*

Ní ojú ọ̀nà, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí bébà láìsí àmì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi han àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Ó fi han awakọ̀. Ó fi han onígbàjámọ̀, ó fi han ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó fi han olè kan tí wọ́n ń mú bọ̀ ní àgọ́, ìyẹn ń sunkún, síbẹ̀ ó kà á. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta ló kà á pé *Máa*.

"Ẹni tó ti délé ló ní kí wọ́n máa tilẹ̀kùn," awakọ̀ ní. "Kí ló le níbẹ̀ tí ẹ fi ń dá mi dúró?"

Sájẹ́ńtì ló kẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ gbé bébà síwájú rẹ̀. Sájẹ́ńtì wò ó. Ó wo fáìlì rẹ̀, ó wo bírò pupa.

"Èmi ni mo fi àmì sí i," ló wí.

"Ìwọ ni."

"Mo ti rí òkú náà kí n tó kà á, ọ̀gá. Kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ó lè dún lọ́nà mìíràn." Ó fà á ya kúrò nínú fáìlì, ó tún tẹ́ ẹ padà síbẹ̀, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe. "Ẹ jẹ́ kí n lọ fagi lé ti ilé ẹjọ́ ọ̀la."

Abẹ́rẹ́ bá Bàbá Yìnyín nínú àtìmọ́lé, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣàlàyé. Ó rò pé bàbá á dúpẹ́. Bàbá ò dúpẹ́.

"Ó ní kí n má tì í."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìyàwó ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́."

"Òun ni."

"Ṣé ó ti mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀."

"Kó má mọ̀ láéláé." Ó di ọwọ́ Abẹ́rẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ dídì yẹn. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé mi ò kà á dáadáa. Ẹ kọ ọ́ pé ọtí ni mo mu. Màá gbà bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́."

"Wọ́n máa sọ yín sẹ́wọ̀n."

"Ọwọ́ mi ló ti ilẹ̀kùn, àbí ọwọ́ ta ni? Ẹ̀wọ̀n á tiẹ̀ móoru. Àmọ́ obìnrin yẹn, tó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òun ló pa ọkọ òun, ẹ yáa kan àpótí òkú mìíràn. Ẹ jẹ́ kó kórìíra mi. Ẹni tó bá rí èèyàn kórìíra, ó ní ohun tó ń gbé e dìde láàárọ̀."

"Bàbá, irọ́ lẹ ní kí n kọ sínú ìwé ìjọba."

"Ṣé òótọ́ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn máa gbé ẹnì kankan dìde?"

Abẹ́rẹ́ rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ dídì náà, ó dìde.

*

Nígbà tó jáde, ìyàwó Tísà ti wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wá gba ìwé tí wọ́n fi ń gba òkú. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ fún un.

"Wọ́n ní ẹ ò gbé e lọ sílé ẹjọ́ mọ́."

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí ló ṣe tí ẹ ò gbé e lọ mọ́?"

"Ó ṣì í kà ni, màmá. Ojú rẹ̀ ò..." Ó gbìyànjú. Ọlọ́run jẹ́rìí, ó gbìyànjú. "Ó ti dàgbà. Ó ṣì í kà."

"Báwo lèèyàn ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kà?"

Obìnrin náà yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì, ó gbé e jìnnà sí ojú díẹ̀, ó ka ohun tó kọ sókè, ketekete, bí ẹni tó ń dá tísà lóhùn: má ti ilẹ̀kùn o, mo ti wọlé. Ó gbójú sókè. Ó rí ojú Abẹ́rẹ́, ó sì dà bíi pé ojú yẹn ló ń kà báyìí, kì í ṣe fóònù. Ó tún wolẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, *má* yẹn gùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dúró síbẹ̀, kò lè kọjá rẹ̀.

Nígbà náà ló tó jókòó.

Níta, ẹnì kan ń fọ ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá, omi ń dà.

"Níbo ló yẹ kí n ti fi nǹkan sí i?" ló bi í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní níbo. Ẹ fi hàn mí."

Abẹ́rẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí bébà, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tó yẹ kí àmì wà, lókè *a*. Obìnrin náà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba mọ́ bébà, ó fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan tí kò tó ẹsẹ̀ èèrà.

"Ṣé báyìí ni?"

"Báyìí ni, màmá."

"Kò jù báyìí lọ?"

Obìnrin náà tún ìlà náà fà lórí ara rẹ̀, kó lè hàn dáadáa. Ó tún un fà. Ó ń fà á, ó ń fà á, títí bírò fi gún bébà lu, tó sì ń ha orí tábìlì.